Bí Mo Ṣe Lé Afẹ́fẹ́ Jáde Nínú Bíréèkì Iwájú Sùkútà Mi

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rọ́bà tí ó ń gbé omi bíréèkì lọ sí táyà iwájú, ọwọ́ bíréèkì rọ̀ débi pé, bí mo bá fún un, ó ń kan ibi ìdìmú, síbẹ̀ sùkútà kò dúró: afẹ́fẹ́ ti wọ inú rọ́bà náà.

Mo kọ́kọ́ ṣe é bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe é: mo fún ọwọ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, mo dì í mú, mo tú nọ́ọ̀tì kékeré tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára kálípà (apá bíréèkì tó wà níbi táyà), mo sì dì í padà kí n tó jọ̀wọ́ ọwọ́ bíréèkì. Omi bíréèkì (irú tí wọ́n ń pè ní DOT 4) ìgò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sí i lásán. Mo fi okùn so ọwọ́ bíréèkì mọ́ ìdìmú di ọjọ́ kejì. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó.

Ohun tí ó yanjú rẹ̀ ni pé mo ti omi náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Mo kọ́kọ́ fa omi díẹ̀ kúrò nínú ike òkè, èyí tí omi bíréèkì wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìmú, kí ó má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀, torí omi yìí a máa bó ọ̀dà (tèmi ti bó níbì kan). Mo fa omi tuntun sínú sírínjì ńlá, mo lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo fi rọ́bà tín-ín-rín so ó mọ́ nọ́ọ̀tì kálípà, mo tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, mo sì rọra ń tì í bí mo ṣe ń fi ìdí sukudiráfà kan rọ́bà bíréèkì jẹ́jẹ́. Lójijì ni ìfófòó ńlá kan yọ nínú ike òkè. Mo di nọ́ọ̀tì, mo sì bu omi dé ojú ìlà. Ọwọ́ bíréèkì ti le.

Sùkútà tèmi kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá fún bíréèkì). Èyí tí ó bá ní in lè gba ọ̀nà mìíràn.