Bí mo ṣe kọ́ iṣan èémí mi níṣẹ́ nítorí ìlúwẹ̀ẹ́

Apá ò rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ò rẹ̀ mí, àmọ́ bí mo bá ti lúwẹ̀ẹ́ dé nǹkan bíi mítà 150, àyà mi á há. Màá di etí adágún mú, màá máa mí hẹlẹ. Olùkọ́ mi wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Èjìká lo fi ń mí." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àṣé omi ń tẹ èèyàn láyà, iṣan tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé sì ní láti ṣiṣẹ́ ju ti orí ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ò sì lè mí nígbà tó bá wù ú. Ìwọ̀nba ìgbà tí ẹnu fi yọ lójú omi ló ní. Bí iṣan yẹn bá wá rẹ̀, ara á dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kù.

Láti fún iṣan yẹn lágbára, mo ra ohun kékeré kan tó rí bíi fèrè, tí wọ́n ń fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ gbà. Sípíríǹgì inú rẹ̀ sé ọ̀nà afẹ́fẹ́, kò ní ṣí àfi téèyàn bá fà á gidi. Mímí síta ní tiẹ̀ ò ní ìdíwọ́. Èémí 30 láàárọ̀, 30 lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 6.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ ṣe bí alágbára, mo yí i le jù. Nígbà tí mo fà á dé ìkẹjọ, kò ṣí mọ́. Mo wo dígí: èjìká mi ti gòkè dé etí, iṣan ọrùn yọ gàǹgà. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi rèé! Mo dẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ lé ikùn, mo wá ń fà á títí ikùn á fi ti ọwọ́ mi síta, tí egungun ìhà á sì là sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fífà wọlé ní láti yá, kó sì lágbára. Mímí síta ló yẹ kó falẹ̀. Ọjọ́ tí mo kánjú mí síta, òòyì kọ́ mi, mo fìdí jókòó.

Itọ́ máa ń kóra jọ sínú rẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá ẹnikẹ́ni), mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Bí 30 bá ti rọrùn, màá fi díẹ̀ kún líle rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti sọ̀ rí, tàbí tí awọ etí rẹ̀ ti lu, kó bi dókítà kó tó dán an wò.

Mi ò ní purọ́, kì í ṣe fèrè yẹn nìkan ló ṣiṣẹ́. Lásìkò kan náà ni mo jáwọ́ nínú dídi èémí sínú lábẹ́ omi. Mo ń tú u síta díẹ̀díẹ̀, tó ń hó, kí n tó yíjú. Àwọn tó ń fi dídi èémí lábẹ́ omi díje ń dẹ́rù bà mí: èèyàn lè dákú níbẹ̀ láìmọ̀ pé ó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo lúwẹ̀ẹ́ mítà 400 láìdúró. Nígbà tí mo di etí adágún mú, apá ló ń ro mí.