Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ SS2 Láti Ka Ìlù Ọkàn Wọn

Nígbà tí pirinsípà wa ní kí n mú ẹ̀kọ́ àṣàyàn kan tí mo lè kọ́ àwọn ọmọ SS2 lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìlera àti eré ìdárayá ni mo mú. Ó ti ń dùn mí. Bí ọmọ bá ti kúrò ní JSS báyìí, ó ti dágbére fún pápá nìyẹn. Bí kì í bá ṣe lẹ́sìnnì, á jẹ́ JAMB, bí kì í bá ṣe JAMB, á jẹ́ fóònù. Bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ló yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 fi máa lo ara. Nínú ọmọ 23 tí mo bi léèrè bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́rin ló nawọ́, omi sì ni mẹ́ta nínú wọn ń pọn gun òkè lọ sílé. Mo ní ìyẹn náà kà, ó kà dáadáa.

Mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kó wọn sí pápá, mo ní kí gbogbo wọn sáré, láì bi ẹnikẹ́ni bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ọmọbìnrin kan dúró lójijì, ó di àyà mú, èémí rẹ̀ ń súfèé. Ikọ́ fée ni. Inhaler rẹ̀, oògùn tó máa ń fà sẹ́nu kó lè mí, sì wà nínú báàgì ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sáré lọ mú un wá. Ó balẹ̀ láìpẹ́, àmọ́ ojú ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ kan pápá. Ìwé ni mo fi rán wọn sí àwọn òbí: ta ló ní ikọ́ fée, ta ni dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ọkàn, kí ni jẹ́nótáìpù? Ọmọ tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS lè ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣe é débi àárẹ̀, omi kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i, torí àárẹ̀ àti òùngbẹ lè ru ìrora ara rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ́ wọn ní ìlù ọkàn. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́, níbi ìdí àtàǹpàkò. Ẹ má fi àtàǹpàkò wò ó, òun náà ní ìlù tirẹ̀, ó lè ṣì yín lọ́nà. Ẹ ka iye ìgbà tó lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Lójijì, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn kígbe: “Àǹtí, mo ti rí i! Ẹ wá wò ó, ó ń sọ kúlúkúlú!” Béèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, láàárín 60 sí 100 ló sábà máa ń jẹ́.

Lẹ́yìn náà la lo ìdánwò tí Kenneth Cooper, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1968: sáré tàbí kí o rìn fún ìṣẹ́jú 12, kí o wo ibi tí o dé. Mo fi tépù wọn pápá wa, ìyípo kan jẹ́ mítà 200. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe iye tirẹ̀ síta. Inú ìwé rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, ara rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sì ń bá díje. Ọmọkùnrin tó yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án lákọ̀ọ́kọ́ ti ń yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mọkànlá lọ́sẹ̀ kẹjọ. Ọjọ́ kan péré la fi sọ̀rọ̀ oúnjẹ: a ka ara ìgò mínírà, a ń wọn ṣúgà rẹ̀ sínú abọ́, gíráàmù 4 sí ṣíbí tíì kan. Ẹnu ya àwọn fúnra wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, a gun Òkè Ààrẹ lọ sí Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936. A ka ìlù ọkàn nísàlẹ̀, a tún kà á lókè. Ọmọbìnrin oníkọ́ fée yẹn gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú inhaler lọ́wọ́, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dókè, tirẹ̀ jẹ́ 132. Ó dúró, ó ń wo òrùlé páànù Ìbàdàn lọ rẹrẹ, ìka rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ó ti wálẹ̀ di 104. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fi ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.