Bí A Ṣe Ń So Okùn Híhun Mọ́ Okùn Tó Nípọn fún Pípa Ẹja Àkurákudà

Ẹni tó bá ń pa àkurákudà láti orí iyanrìn etíkun Florida ní Amẹ́ríkà yóò mọ̀ pé ibi tí okùn kan ti pàdé èkejì ni ẹja náà ti sábà máa ń já mọ́ wa lọ́wọ́. Okùn híhun tó wà lórí ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí lára ọ̀pá ìpẹja, máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń yọ̀. Okùn tó sún mọ́ ìwọ̀ nípọn, ó sì le. Bí a bá ta kókó lásán láti so wọ́n pọ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ̀ kúrò lára èyí tó nípọn, tàbí kó gé ara rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni pé kí a máa gòkè láti orí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dé orí èyí tó nípọn díẹ̀díẹ̀, kí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì ní irú ìso tó bá a mu.

Okùn híhun tó lè gbé 80 pọ́ùn kò gba àyè, nítorí náà ọgọ́rọ̀ọ̀rún yáàdì rẹ̀ máa ń wọ orí ríìlì kan, ẹja tó bá sì sá lọ jìnnà kò ní tán an. Àmọ́ kì í nà, kò sì lè fara da ohun tó ń ha á. Awọ àkurákudà rí bí ewé eépín tí àwọn àgbà fi ń ha igi; bí ìrù rẹ̀ bá gbá okùn híhun tó le tantan lẹ́ẹ̀kan péré, okùn náà lè já. Ìdí nìyí tí a fi ń so náílọ́ọ̀nù tó lè gbé 100 pọ́ùn mọ́ ọn, ní ìwọ̀n 50 sí 100 yáàdì. Náílọ́ọ̀nù yìí ń nà díẹ̀, ó ń gba agbára ẹja mọ́ra, ó sì ń fara da iyanrìn àti ìkarahun.

Kókó tí mo fọkàn tán jù fún oríkèé àkọ́kọ́ yìí ni èyí tí àwọn apẹja ń pè ní FG, nítorí pé kì í wú, ó sì ń gba inú àwọn òrùka ara ọ̀pá kọjá láìkọ́. Ẹ gbé ọ̀pá dúró ṣinṣin, ẹ fa okùn híhun jáde, kí ẹ sì fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, kí ó lè nà tantan. Bí okùn náà bá dẹ̀, ìso náà kò ní dára, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Ẹ gbé orí náílọ́ọ̀nù dábùú rẹ̀, kí okùn híhun lè ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan láti ọ̀pá, ọ̀kan láti ẹnu. Ẹ gbé orí náílọ́ọ̀nù gba òkè ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé e gba abẹ́ rẹ̀ padà sí àárín. Ẹ gbé e gba òkè ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ tún gbé e gba abẹ́ rẹ̀ padà, bí ẹni ń kọ òǹkà 8. Ẹ ṣe é tó ìgbà 20, ó kéré tán, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sùn ti èkejì bí ọ̀pá ẹní, láìgun ara wọn.

Ẹ fi ìka di ibi tí ẹ hun mú pinpin, ẹ yọ okùn kúrò lẹ́nu, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ ta ojóbó kan yí okùn méjèèjì ká. Ẹ fi omi rin ín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ wá fa apá méjèèjì gidigidi. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa: okùn híhun yóò ṣókùnkùn díẹ̀ bó ṣe ń wọra sínú náílọ́ọ̀nù. Bí àwọ̀ náà kò bá yí padà, ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe, nítorí pé ojóbó tó bá wà lókè kò lè tún ohun tó ti bàjẹ́ nísàlẹ̀ ṣe. Bí ó bá ti wọra, ẹ ta ojóbó márùn-ún sí i, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ẹ gé orí náílọ́ọ̀nù tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ojóbó mẹ́ta parí rẹ̀ lórí okùn híhun nìkan. Nígbà tí ẹ bá fi èékánná yọ́ ọ lọ, kò gbọdọ̀ kọ́.

Oríkèé kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ so náílọ́ọ̀nù náà mọ́ òrùka irin oníyíyí tó lágbára, nítorí àkurákudà máa ń yí ara rẹ̀ bírí-bírí nínú omi. Láti ibẹ̀ ni okùn tó nípọn gan-an, tó lè gbé 400 pọ́ùn sí òkè, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15, kí ara ẹja má baà kan okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í gba kókó dáadáa. Róró irin kékeré tí a ń pè ní crimp la fi ń di í. Ẹ ki okùn bọ inú róró, ẹ yí i bọ òrùka, ẹ dá a padà sínú róró náà, kí ẹ sì fi ẹ̀mú rẹ̀ tẹ àárín róró mọ́lẹ̀, láìtẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, torí pé ẹnu tí a bá tẹ̀ yóò mú bí ọ̀bẹ, yóò sì gé okùn. Ẹ fi iná díẹ̀ yọ́ orí tó yọ síta, kí ó wú bí orí ìṣáná, kó má baà sá padà.

Níwájú èyí ni wáyà wà, ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, nítorí eyín. Ìwọ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Láti July 1, 2019 ni òfin Florida ti béèrè ìwé àṣẹ, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kan, lọ́wọ́ àwọn tó ń pa àkurákudà láti etíkun, tí ó sì sọ pé kí ìwọ̀ jẹ́ olóbìírípo tí kì í ṣe irin aláìdípẹtà, kí apẹja sì ní ohun tó lè tètè gé okùn tàbí ìwọ̀ lọ́wọ́. Òfin náà sọ pé irú àkurákudà tí a kò gbọdọ̀ pa kò gbọdọ̀ kúrò nínú omi. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé ẹ̀mú tó lè gé wáyà dání, mo sì máa ń gé e níbi tó sún mọ́ ìwọ̀ jù lọ.

Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka fa gbogbo okùn náà kọjá láti òrùka oníyíyí dé orí kókó FG. Ibi tó bá ta ìka yín bí irun àgbò, ẹ gé e kúrò, kí ẹ sì ta kókó náà tuntun kí ẹ tó ju ìwọ̀ padà sínú omi.