Bí ẹ ṣe lè yọ omi kúrò nínú ọ́ìlì haidirọ́líìkì katakata kékeré nígbà òtútù

Tí ẹ bá sitáàtì katakata láàárọ̀ ọjọ́ tí òtútù mú gan-an, tí lódà (apá iwájú tó ń gbé ẹrù) ò gbéra, tí sítíárìn le, tí pọ́ǹpù wá ń ké, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ tọ́tù mọ́ ọn o, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí omi ti wọnú ọ́ìlì haidirọ́líìkì, ìyẹn ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì láti fi gbé lódà àti láti fi yí sítíárìn. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìdí táńkì ló máa ń lọ jókòó sí, ìdí táńkì yẹn náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì, torí náà tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ 0°C, omi yẹn á dì gbagidi, á dí sítírénà (asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kó tó dé pọ́ǹpù) pa, pọ́ǹpù ò ní rí nǹkan kan fà, irin á wá máa jẹ irin. Owó pọ́ǹpù sì ju owó ọ́ìlì lọ fíìfíì. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gíà àti haidirọ́líìkì, torí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti lódà nìkan.

Ẹ fa géèjì yọ wò. Tí ọ́ìlì bá ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ó jọ pé omi ni. Àmọ́ ẹ má tíì parí ẹ̀ síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ náà lè jẹ́ kó hó funfun lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì: tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, á ti mọ́ padà, tó bá jẹ́ omi, á ṣì funfun bẹ́ẹ̀ tàbí kí omi ti dá dúró nísàlẹ̀ ìgò.

Kí ẹ tó ra ọ́ìlì tuntun, ẹ wá ibi tí omi gbà wọlé, mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó. Rọ́bà tó bo ìdí ọ̀pá gíà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fọwọ́ fà á dáadáa, torí ó máa ń sán níbi tó ti ká, tí òjò tàbí yìnyín tó yọ́ bá sì ti dúró síbẹ̀, inú gíà tààrà ló ń lọ. Ẹ wo rọ́bà géèjì náà, àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táńkì, tó sì ń gbà jáde. Tí kò bá sí èyí tó bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrì: ara katakata gbóná, ó tutù, afẹ́fẹ́ tó wọlé á sọ omi sára irin nínú. Àwọn tó ń lò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti kó yìnyín kí wọ́n tó páàkì ẹ̀ ló ń rí èyí jù, torí ọ́ìlì ò gbóná tó kí omi inú ẹ̀ lè gbẹ.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí yìnyín inú ẹ̀ yọ́ ná, nínú gáréèjì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí pẹ̀lú hítà oníná mànàmáná tó ń lẹ̀ mọ́ irin, ẹ má dáná sábẹ́ ẹ̀ láéláé. Lódà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò lára ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú, ẹ rọra tú nọ́ọ̀tì ìdí táńkì díẹ̀, kó má bọ́ o, omi tó ti jókòó á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn ẹ̀ ni ọ́ìlì á tẹ̀lé e. Ẹ wá já gbogbo ẹ̀ dànù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ wo ìwé katakata yín torí òmíì ní nọ́ọ̀tì ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ fọ sítírénà kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá rọ irú ọ́ìlì tí ìwé ní kẹ́ ẹ lò dé ojú géèjì.

Ẹ sitáàtì ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ máa gbé lódà sókè sódò, ẹ yí sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ọ́ìlì á fi gbóná, ẹ yẹ géèjì wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè tún funfun díẹ̀, torí ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú sìlíńdà àti hóòsì. Ẹ tún un já, ẹ tún un rọ. Torí ẹ máa pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀kejì, méjì ni kẹ́ ẹ rà látìbẹ̀rẹ̀.