Ẹ má tíì sọ pé "wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀": àṣìṣe tí a máa ń ṣe nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì

Ó máa ń dùn mí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí síbẹ̀ tí ẹnì kan bá ti ní, "Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀." Báwo ni wọ́n ṣe wádìí ẹ̀? Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, ni màá fi ṣàlàyé, torí Èkó wà nínú ìtàn ẹ̀, yẹ́lò káàdì tẹ́ ẹ fi há inú ìwé ìrìnnà yín náà sì wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má gbọ́ ẹjọ́ apá kan. Ọ̀fìnkìn mú èèyàn, ó mu àgbo lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tó di ọjọ́ keje, imú ti gbẹ. Ó ní àgbo ló wo òun sàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni: ẹni tó mu àgbo ti rojọ́ tiẹ̀, ẹni tí kò mu nǹkan kan la ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì ní Kúbà. Ní ìparí ọdún 1900, nítòsí ìlú Havana, Walter Reed, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́ ilé pákó kékeré méjì. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé aṣọ àti ibùsùn aláìsàn ló ń kó ibà náà ranni. Wọ́n dí ilé àkọ́kọ́ pa, wọ́n dáná sínú ẹ̀ kó lè móoru, wọ́n wá tú aṣọ ibùsùn tí èébì àti ìgbẹ́ aláìsàn ti gbẹ mọ́ síbẹ̀. Òórùn náà lé àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó yọ̀ǹda ara wọn síta, kí wọ́n tó tún gboyà padà wọlé. Ogún òru ni wọ́n fi sùn síbẹ̀. Ibà ò mú ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Ilé kejì mọ́ tónítóní. Nẹ́ẹ̀tì wáyà ni wọ́n fi pín in sí méjì, wọ́n sì tú ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí apá kan. John Moran wọ apá yẹn lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá, ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Ọjọ́ Kérésì gan-an ni ibà gbé e dè. Àwọn tó wà lódì kejì nẹ́ẹ̀tì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Nǹkan kan ṣoṣo ni apá méjèèjì fi yàtọ̀: ẹ̀fọn. Tí àyẹ̀wò bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ló fẹ́ mọ èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ẹ má sì tètè ju àbá nù torí pé àyẹ̀wò ẹ̀ kùnà. Láti ọdún 1881 ni Carlos Finlay, dókítà ọmọ Kúbà, ti ń pariwo pé ẹ̀fọn ni. Ó gbìyànjú títí, kò rí i fi hàn, wọ́n sì fi í ṣẹ̀sín fún nǹkan bí ogún ọdún. Àbá ẹ̀ ò ní àléébù. Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nílò bí ọjọ́ 12 kó tó lè ran ẹlòmíràn, Finlay kò sì dúró tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ká gba ọ̀rọ̀ torí orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ní ọdún 1919, Hideyo Noguchi, ọmọ Jàpáánì tí òkìkí ẹ̀ kàn nílùú New York, kéde pé òun ti rí bakitéríà tó ń fa ibà yìí. Wọ́n tiẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde látara ẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí tó wà ní Yaba, l'Ékòó, wá bakitéríà náà lára aláìsàn títí, wọn ò rí i. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà báyìí, wọ́n fa á sára ọ̀bọ ìran Íńdíà, ọ̀bọ náà ṣàìsàn. Wọ́n tún fi asẹ́ sẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ti ń sẹ́ ògì, àmọ́ ihò asẹ́ yìí kéré débi pé bakitéríà ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Omi tó jò sísàlẹ̀ ṣì ń dá ọ̀bọ dùbúlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni, ohun àìfojúrí tó kéré ju bakitéríà lọ.

Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùṣèwádìí Yaba yẹn, kó ibà náà, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Noguchi fúnra ẹ̀ wá sí Accra kó lè fojú ara ẹ̀ rí i, ibà náà ló pa á ní oṣù Karùn-ún 1928. Mo bọ̀wọ̀ fún un torí pé ó wá.

Àwọn kan á wá ní, "Lánàá wọ́n ní aṣọ ni, lónìí wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì, irọ́ ni gbogbo ẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ò sọ ẹ̀fọn di irọ́; inú ẹ̀fọn ló ń gbé wá. Èyí tí àyẹ̀wò bì ṣubú ni wọ́n pa tì, èyí tó dúró ni wọ́n kọ́lé lé.

Látara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Max Theiler, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937. Òun náà ni wọ́n ṣì ń gún fún wa kí wọ́n tó buwọ́ lu yẹ́lò káàdì. Asibi ní tiẹ̀ yè é.