Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì mi ni: bí mo ṣe gba app fíìmù mi padà lẹ́yìn update

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó, torí òun ló ń dùn mí jù. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, kò sẹ́ni tó ń fi dátà ṣeré nílé wa mọ́. TV wá dá jí lóru, ó fa update ńlá wálẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ó pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ ọ́ síwájú gàdàgbà pé òun ti di tuntun. Tuntun kẹ̀!

App fíìmù tí à ń sanwó fún lóṣooṣù ṣí. Àwòrán gbogbo fíìmù jáde, orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Àmọ́ bí o bá ti tẹ fíìmù kan pé kó máa lọ, àmì róbótó yẹn á máa yí, á máa yí, lẹ́yìn náà á ní ohun kan ti ṣẹlẹ̀, kí o tún gbìyànjú nígbà mìíràn.

Gbogbo ohun tí ayé ń kọ́kọ́ ṣe ni mo ṣe: mo pa á, mo tàn án, mo yọ app, mo dá a padà, mo nu cache (àwọn fáìlì tí app ń tọ́jú pamọ́ fúngbà díẹ̀). Kò sí èyí tó tu irun kan lára rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ customer care ni ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà. Àwọn tó ni app ní kí n lọ bá àwọn tó ṣe TV. Àwọn tó ṣe TV ní nẹ́tíwọ̀kì mi ni.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa router yín, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó tàn án."

Mo pa á. Mo tàn án.

"Mà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò yín ni kò lágbára."

Mo ní, "Ọmọ mi, YouTube ń ṣiṣẹ́ lórí TV yìí kan náà. Àwọn ọmọ ń wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Ṣé nẹ́tíwọ̀kì náà ń ṣojúsàájú ni?"

Ó ní kí n dúró lórí ìlà. Orin bẹ̀rẹ̀, káàdì mi sì ń jó lọ.

Mo so TV mọ́ hotspot fóònù mi, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Kò yàtọ̀. Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹlòmíràn ló dáhùn lọ́jọ́ kejì, kò sì ka ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ rárá: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa router yín." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bu omi mu, kí n má baà sọ̀sọkúsọ sí ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe TV ní kí n ṣe factory reset, ìyẹn ni pé kí n dá TV padà sí bó ṣe wà nígbà tó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n ṣe é, pé àwọn ló ni ẹ̀rọ. Mo fárígá. Lákọ̀ọ́kọ́, reset á pa gbogbo app rẹ́, dátà mi ni màá sì fi gbé wọn wálẹ̀ padà. Èkejì, mo rántí ti Chromecast, ẹ̀rọ kékeré ti Google tí wọ́n ń kì bọ TV láti fi wo fídíò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2025, Chromecast ìran kejì, èyí tó jáde lọ́dún 2015, kàn dákẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ káàkiri, torí pé sátífíkéètì kan tó ń lò (ìwé-ẹ̀rí orí ẹ̀rọ tó ń fi hàn pé ojúlówó ni) ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Google fúnra wọn ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe factory reset. Àwọn tó ti ṣe é kí ìkìlọ̀ tó dé ni ìyà rẹ̀ jẹ jù.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, kí ló dé tí fídíò ọ̀fẹ́ ń lọ geere, tí ti olówó kọ̀? Fíìmù tí a ń sanwó fún kì í wá lásán, títì ni wọ́n máa ń tì í kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ. Widevine, tí í ṣe ti Google, ló ń ṣí i lórí TV tó ń lo Android. Ó ní ìpele. Ní L1, inú apá kan tó dá wà nínú ẹ̀rọ, tí app mìíràn kò lè yọjú sí, ni ó ti ń ṣí fíìmù, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn yàrá kó tó ka owó. Ní L3, kò sí yàrá, gbangba ọjà ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ app fi máa ń fún L3 ní àwòrán tí kò mọ́ dáadáa, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ fún un ní nǹkan kan.

Mo fi fláàṣì gbé app kékeré kan tó ń jẹ́ DRM Info, tó ń sọ ìpele Widevine tí ẹ̀rọ wà, sórí TV. Ó kọ L3. Àbúrò mi ọkùnrin ra irú TV kan náà, àmọ́ kì í sábà so tirẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà update ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tirẹ̀ kọ L1. Mo ya fọ́tò méjèèjì, mo tò wọ́n pọ̀, mo sì fi nọ́ńbà update kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí ohùn ṣe yí padà! Kò sẹ́ni tó dárúkọ router mọ́. "Mà, kí ni nọ́ńbà model yín?" Kò pẹ́, wọ́n fi link ránṣẹ́, pé kí n gba update tí wọ́n ti tún ṣe, kí n fi fláàṣì gbé e wọlé.

Gbígbà á wálẹ̀ kò le. Fláàṣì ló tún fẹ́ yọ mí lẹ́nu. TV ò rí nǹkan kan lórí rẹ̀, láptọ́ọ̀pù sì ń rí i kedere. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni fláàṣì ń gbà to fáìlì: èyí tó ń jẹ́ exFAT ni wọ́n ṣe é sí láti ibi tí mo ti rà á, èyí tó ń jẹ́ FAT32 sì ni TV yìí mọ̀. Mo fọ̀ ọ́ (format) sí FAT32, ó rí i lójú ẹsẹ̀. (FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4GB, àmọ́ èyí ò tóbi tó bẹ́ẹ̀.)

Mi ò fi iná ìjọba ṣe é o. Bí wọ́n bá mú iná lọ lágbedeméjì, TV lè má dìde mọ́. Mo rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ kí n tó fọwọ́ kan rimóòtù. Ó lọ díẹ̀, ó dúró sójú kan, kò lọ, kò bọ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní ó ti kú. Mo ní kó jẹ́ ká máa wò ó. Ó dúró pẹ́ débi pé èmi náà ti ń ṣírò iye tí wọ́n ń ta TV tuntun, kó tó gbéra, tó tan ara rẹ̀. Mo ṣí DRM Info kí n tó ṣí ohunkóhun: L1. Fíìmù sì ń lọ, àwòrán mọ́ gaara. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé "a ti tún un ṣe." A?

Bó bá jẹ́ pé TV yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, ẹ lọ wo ìpele rẹ̀ báyìí, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Èmi ò ní fọ́tò ti tẹ́lẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti àbúrò mi, ẹjọ́ mi ò bá má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ pa update àdáṣe náà nínú Settings. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá wọn jà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má pè wọ́n, torí orin wọn ń jẹ owó.

Mo ti ní kí àwọn tó ni app dá owó àsìkò tí n kò rí fíìmù wò padà. Wọ́n ní account mi ń ṣí ní gbogbo àsìkò yẹn, pé ìyẹn ni pé mo lò ó. Mo ti fi fídíò àmì róbótó tó ń yí yẹn ránṣẹ́ sí wọn.