Bí Ìlú Ṣe Lè Dá Owó Ẹ̀kọ́ Jọ fún Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Iléṣà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kò tí ì dé nígbà náà. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ló kóra jọ dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ ti wà káàkiri, àmọ́ ọmọ tó mọ̀wé ṣì ń jókòó sílé nítorí owó ìdánwò tí kò tó owó aṣọ ẹbí. Tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ yín, ìjọ yín, mọ́sálásí yín tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín bá fẹ́ dá àpò owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀, ẹ rán ẹni méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní ìlú. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti tíṣà tó ń mójú tó SS3: ọmọ mélòó ni kò tí ì rí owó ìdánwò san? Àwọn wo ni kò wá mọ́, kí ló sì fà á? Ìdáhùn wọn ló máa sọ ohun tí ẹ ó máa sanwó fún. Ẹgbẹ́ tó bá kàn ní òun ń kówó jọ "fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa", kì í pẹ́ tí ará ìlú á fi máa bi í pé ọmọ ta gan-an.

Ẹ tún wádìí ohun tí ìjọba ń san. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ìwé àti owó PTA ṣì wà lọ́rùn òbí. Ìjọba Èkó máa ń san owó Wáẹ́ẹ̀kì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ìpínlẹ̀ tiyín, ẹ béèrè. Fún àwọn tó ti wọ yunifásítì tàbí pólì ìjọba, NELFUND wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, èyí tí òfin ọdún 2024 gbé ró. Kì í gba èlé, ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ní tààrà, ó sì ń fún ẹni tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Gbèsè ni o, kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé.

Nítorí náà, ibi tí owó ìlú ti ń wúlò jù ni àwọn ibi tí owó ìjọba kò dé: fọ́ọ̀mù Jáàmù, owó tí yunifásítì ń gbà kí ọmọ tó lè sọ pé òun gba ààyè tí wọ́n fún òun, owó ọkọ̀, ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí wẹ́dà náà wà níbẹ̀. Lójú tèmi, owó ẹ̀kọ́ ni owó maṣíìnì ìránṣọ.

Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé

Ká ní ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ orúkọ wọn fún yín, tí owó ìdánwò, ìwé àti lẹ́sìnnì ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦60,000. ₦900,000 nìyẹn. Tí ẹ bá kà á sétí ará ìlú bẹ́ẹ̀, àyà wọn á já. Àmọ́ tí èèyàn 150 bá ń dá ₦500 lóṣù, ₦75,000 ló ń wọlé lóṣù, á sì pé ₦900,000 lọ́dún. Iye kékeré yẹn ni kí ẹ gbé jáde sí ará ìlú. Ọlọ́kadà lè dá a, alátà lè dá a, kò sì sí ẹni tó máa rò pé iṣẹ́ àwọn olówó ni.

Ẹ fi àkókò sọ́kàn. Ìforúkọsílẹ̀ fún Wáẹ́ẹ̀kì máa ń parí ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìdánwò fúnra rẹ̀. Owó tó bá pé lẹ́yìn tí ìforúkọsílẹ̀ ti parí kò ní ran ọmọ kankan lọ́wọ́ lọ́dún yẹn.

Ìdáwó oṣooṣù ni kó ṣáájú, kí lọ́ńṣìn tẹ̀ lé e

Gbogbo wa la mọ bí lọ́ńṣìn ṣe rí. Kánópì, àga, onílù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìrẹsì àti ẹran fún àwọn àlejò pàtàkì. Alága ètò dìde, ó ní òun fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀, onílù gbé e, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akápò pè é títí, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ò kún agbọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò ìnáwó, ó ṣeé ṣe kí owó kánópì àti oúnjẹ ju èyí tó wọlé lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìdáwó múlẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ pín ìlú sí agbo ilé tàbí àdúgbò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí yóò máa gba owó, tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn yàn. Lọ́jà, ẹ gba ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà wọlé. Àwọn obìnrin ọjà ti mọ àjọ dídá tipẹ́. Káàdì bíi ti alájọ, tí a ó máa fàlà sí, máa yé wọn ju ọ̀rọ̀ gígùn lọ. Àwọn tó ń gba owó oṣù lè sọ fún báńkì wọn pé kó máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kó má di pé à ń rán wọn létí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ṣe lọ́ńṣìn, ẹ so ó mọ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìlú ti ń bọ̀ wálé tẹ́lẹ̀: Iléyá, Kérésìmesì, ọjọ́ ìlú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni ayẹyẹ Ojúde Ọba, gbogbo régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) sì ti wà nílé nígbà náà láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ìrẹsì láti fi pè wọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára bánà gàdàgbà. Ẹni tó bá ṣèlérí, kó kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tó máa san sínú ìwé lójú ẹsẹ̀. Kí alága ìjókòó má sì kéde orúkọ ẹnikẹ́ni àyàfi tí akápò bá ti rí alert owó náà. Àwọn kan á bínú sí èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ibi tí owó máa gbé

Kó má wọ àkáǹtì alága, kó má wọ ti pásítọ̀ tàbí ti lèmọ́mù, kó má sì dúró lọ́dọ̀ oní-POS. Ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni mẹ́ta wà tó lè fọwọ́ síwèé, kí ó sì gba ọwọ́ ẹni méjì kí owó tó jáde. Kí àwọn mẹ́ta náà má wá láti agbo ilé kan.

Tí owó bá ti ń pọ̀, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Part F òfin CAMA (òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́) ti ọdún 2020, èyí tó wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Ẹ ó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹni tó bá ní àtakò á sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Báńkì sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML (ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìtọ́) náà lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wàhálà wà níbẹ̀, ó ń náni lówó, àmọ́ láìsí i, ilé iṣẹ́ ńlá kò ní dá yín lóhùn.

Àwọn ọmọ wa lókè òkun

Ẹka ẹgbẹ́ tó wà ní London tàbí Houston lè ṣe ju kí wọ́n kàn máa fowó ránṣẹ́ lọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iléeṣẹ́ owó orí HMRC bá ti gba ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú, ó lè gba Gift Aid: lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé e. Ní Amẹ́ríkà, ipò ẹgbẹ́ àánú tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3) ni wọ́n máa ń wá, kí ẹni tó dáwó lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Níbi méjèèjì, wọ́n á fẹ́ ẹ̀rí ohun tí ẹ fi owó ṣe nílé. Nítorí náà, ẹ má sọ rìsíìtì kankan nù.

Yíyan ọmọ

Ibí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù ojú ewé kan, kó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn tíṣà tí kì í ṣe ọmọ ìlú máàkì ìdánwò kékeré kan, kí nọ́ńbà wà lórí ìwé dípò orúkọ. Tí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bá wà níbẹ̀, kí ẹni náà bọ́ síta nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò rẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bọ́ síta.

Ní tèmi, àìní ló yẹ kó ṣáájú máàkì. Ọmọ tó gba ipò kìíní sábà máa ń rí ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Èyí tó wà ní ipò kẹsàn-án, tó ń ta omi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kì í rí. Ẹ rán ìyá méjì tó mọ agbo ilé dáadáa lọ kí àwọn òbí. Opó kan lè wọ aṣọ tó mọ́ wá sí ìpàdé, kí iná má sì dá nílé rẹ̀ láti àná. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn á rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú ọmọ kúnlẹ̀ kó gbé páálí sọ̀wédowó dání, kí ẹ wá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa rí i.

Sísan án

Ẹ san owó fún ilé ẹ̀kọ́, kó má gba ọwọ́ òbí, kí rìsíìtì sì gbé orúkọ ọmọ. Ní ti Jáàmù, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ni kó bá ọmọ dé ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Kí ọmọ mú èsì rẹ̀ wá ní òpin táàmù kọ̀ọ̀kan. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá owó dúró. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ pé oko ló ń lọ.

Ìròyìn oṣooṣù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí akápò kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kó sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú fún àwọn tí kò ní fóònù. Kó má gùn. Bí àpẹẹrẹ:

"Oṣù Kẹta. A bá ₦212,400 nílẹ̀. Èèyàn 131 dá ₦71,500. A san ₦120,000 fún owó ìdánwò ọmọ 4, rìsíìtì rèé. Báńkì yọ ₦350. Ó ku ₦163,550."

Kò sí orúkọ ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kankan ò sọnù. Lọ́dọọdún, ẹ ní kí ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, tó mọ ìṣirò, yẹ ìwé wò níwájú gbogbo ìlú, kí ẹ sì pààrọ̀ ó kéré tán ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń fọwọ́ síwèé. Tí akápò bá kọ̀ láti mú ìwé báńkì jáde, ẹ dá ìdáwó dúró títí yóò fi mú un wá.